Kí ni mo ṣẹ Ọlọ́run?

Ìyá Ìbejì, Adó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mi ò jẹ ìdámẹ́wàá rí. Aṣọ ìkórè tó kọjá, èmi ni mo kọ́kọ́ sanwó, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ewé yẹn ò wù mí rárá, ìyá alága tún fowó lé e. Ọkọ mi wá ṣubú ní balùwẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí mo bá fi ṣíbí fún un ní ògì, ìdajì á ṣàn sí i láyà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní ègún kì í wá láìnídìí, pé ẹnìkan nílé wa ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Ṣé kí n kúrò níbẹ̀ ni?

Ọmọ Ìjerò: Ẹ kúrò lónìí! Kí lẹ tún ń dúró ṣe?

Díákónì Ìkẹ́rẹ́: Ẹ rọra o. Nígbà tí iná jó oko kòkó mi, wọ́n ní torí mi ò san ẹ̀jẹ́ ni. Oko ẹni tó san ẹ̀jẹ́, tó bá tèmi pààlà, òun náà jó kanlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ìgbà wo ló ṣubú? Kí ni dókítà wí? Ó jọ rọpárọsẹ̀ o. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ gbé e jókòó dáadáa kó má baà gba ọ̀nà èémí.

Ìyá Ìbejì, Adó: Ẹ ṣé, Díákónì, ọ̀rọ̀ oko yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjerò, kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹ̀fọ̀n: Jòhánù 9: wọ́n bi Jésù ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin yẹn ní afọ́jú. Ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe òbí rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n wa níbí ni ibojì Wòlíì Babalọlá wà. Ọmọ ọdún 55 péré ni nígbà tó kú ní 1959. Ẹ̀ṣẹ̀ ló pa òun náà?

Ajíhìnrere: Màmá, ẹ ka Lúùkù 13 náà. Ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, Jésù ní “bí ẹ kò bá ronú pìwà dà.”

Ìyá Ẹ̀fọ̀n: Àwọn tó wà láàyè ló ń bá wí! Ó ní àwọn tó kú ò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ka Jóòbù 42, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fẹ̀sùn kàn án ni Ọlọ́run bínú sí. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gún inú ara rẹ̀ ò kúrò. “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ” ni Olúwa dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ìyá Ìbejì, mo ṣì ń retí èsì.

Ìyá Ìbejì, Adó: Ẹ má bínú. Ó wà ní ọsibítù tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, dókítà ò tíì gbà. Ó ní orí òkè la máa gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni pásítọ̀ yìí. Ilé rẹ̀ là ń gbé.

Díákónì Ìkẹ́rẹ́: Háà! Látàárọ̀!

Ọmọ Ìjerò: Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjọ sílẹ̀ ná. Ó gbọ́dọ̀ padà sí ọsibítù. Ta ni ẹ̀gbọ́n yìí máa ń gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Adó: Ìyá wọn, ní Ìlawẹ̀. Òun náà kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé e kúrò.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí. Gbogbo ìwé ọsibítù yẹn, kí ẹ mú un dání.