Àìjẹunrekánú nìkan kò tó: orúkọ wo la ó fún rírù, àìga àti wíwú ọmọdé?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti orúkọ tí a ó kọ sínú ìwé ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yóò máa gbé láti ilé dé ilé ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àràn, nígbà tí wọ́n bá ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn kan ní kí "àìjẹunrekánú" kárí gbogbo rẹ̀, nítorí rédíò ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn mìíràn dá "ìsọdaràrá" fún ọmọ tí kò ga tó, wọ́n sì dá "àrùn alóyúnlé" fún kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ara ọmọ wú. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àìjẹunrekánú kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Ṣùgbọ́n ikùn ni ọkàn ìyá ọmọ máa lọ tó bá gbọ́ ọ. Ẹ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ní àìjẹunrekánú, yóò ní rárá o, ọmọ òun ń yó dáadáa, kò sì purọ́. Ikùn ọmọdé máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ oníkílò mẹ́jọ kò ní lè mu ju bíi mílílítà 240 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi ògì tó ṣàn kún ibẹ̀, ó ti yó nìyẹn, yóò sì sùn. Omi àti ìwọ̀nba àgbàdo ló wà níbẹ̀: kò sí ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sóyà, kò sí ẹja gígún, kò sí ẹyin, kò sí wàrà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta wàrà ní Ìlọrin. Ọmọ náà yó, kò sì dàgbà. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi bèèrè gbọ́dọ̀ lè gba irú ọmọ yìí mọ́ra. Ohun tí àwọn olùwádìí fúnra wọn ń bèèrè nípa ọmọ oṣù 6 sí 23 kì í ṣe bóyá ó yó. Ìsọ̀rí oúnjẹ mẹ́jọ ni wọ́n tò, ọmú ìyá wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bóyá ọmọ jẹ nínú ó kéré tán márùn-ún láti àná.

Ohun kejì tó mú kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má tó ni pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ń fi gíga wé ọjọ́ orí, wọ́n ń fi ìwúwo wé gíga, wọ́n sì ń fi ìwúwo wé ọjọ́ orí. Nínú ìwádìí ìlera àwọn ará ilé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, àwọn ọmọ tí gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn jẹ́ 37 nínú 100. Àwọn tí ìwúwo wọn kò tó gíga wọn jẹ́ 7. Àwọn tí ìwúwo wọn kò tó ọjọ́ orí wọn jẹ́ 22. Bí oníròyìn kan bá fi àìjẹunrekánú túmọ̀ 37, tí ẹnìkejì rẹ̀ fi túmọ̀ 7, olùgbọ́ yóò gbà pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dábàá sínú gbólóhùn òkè yẹn: "kò tó". Ojoojúmọ́ la ń sọ pé owó kò tó, aṣọ kò tó. Ohun kan ni a fi wé òmíràn, a sì rí i pé kò dé ibi tó yẹ. Iṣẹ́ tí ìwọ̀n wọ̀nyí ń ṣe gan-an nìyẹn. Nítorí náà, nínú ìwé, ẹ jẹ́ ká ní àìga-tó-ọjọ́-orí, àìwúwo-tó-gíga, àti àìwúwo-tó-ọjọ́-orí. Wọ́n gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá kà wọ́n kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ó sì lè tú wọn sílẹ̀ lójú ìyá ọmọ láìṣe àlàyé púpọ̀: "Gíga rẹ̀ kò tó ọjọ́ orí rẹ̀." Ní ti èkejì, a lè máa pè é ní rírù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹnìkan ní rírù lè jẹ́ rírù ẹrù. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ọmọ rù hangogo tó máa ronú ẹrù. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú "rù" yàtọ̀: à ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ìrìn àjò dé. Ẹ má fi í bèèrè ìbéèrè láìsí ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níbo wá ni "tó" wà? Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òdiwọ̀n ìdàgbàsókè jáde ní 2006. Lórí àtẹ rẹ̀, ìlà kan wà ní àárín, àwọn ìlà mìíràn sì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá bọ́ sábẹ́ ìlà kejì nísàlẹ̀ àárín ni kò tó. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bọ́ dáadáa, bíi méjì péré ló máa ń bọ́ síbẹ̀. Tó bá bọ́ sábẹ́ ìlà kẹta, ó ti le. Mo fẹ́ kí a dá ọ̀rọ̀ náà "le" sí fún ìlà kẹta nìkan.

Ìsọdaràrá ńkọ́? A bí aràrá bẹ́ẹ̀ ni. Àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ àti àìsàn léraléra kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn yóò bú aràrá, yóò tún tan òbí ọmọ jẹ, nítorí wọn yóò gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. "Kíkúrú" lásán náà kò sàn jù ú lọ. Baba ọmọ yóò ní ìran àwọn kì í ga. Láàárín 1997 sí 2003, wọ́n tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa ní Brazil, Gáńà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Gíga wọn jọra gan-an títí wọ́n fi sún mọ́ ọdún márùn-ún. Ìran nìkan kò lè jẹ́ ìdí tí gíga ọmọ 37 nínú 100 kò fi tó.

Àmọ́ ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́. "Ọdún mẹ́rin" lẹ́nu àwọn kan jẹ́ ọmọ tó pé mẹ́rin. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ọmọ tó wọ ọdún kẹrin ni, ìyẹn ẹni tó pé mẹ́ta. Ọdún kan tí a fi kún ọjọ́ orí lè fa ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sábẹ́ ìlà kejì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Oṣù wo, ọdún wo ni ẹ bí i?" Bí ìyá kò bá rántí, kí a bi í bóyá ṣáájú ìtúnnu ààwẹ̀ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ṣáájú Iléyá tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì kà á síwájú láti ibẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 24, ìdùbúlẹ̀ ni ká ti wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ìdúró, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 0.7 kún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ni àwọ̀ ara téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ oṣù 6 sí 59. Mílímítà tí kò tó 115 wà ní àwọ̀ kan, 115 sí 124 ní òmíràn, 125 sókè ní àwọ̀ ewé. Nínú ìwé tí a ń ṣàtúnṣe, wọ́n pe àkọ́kọ́ ní "pupa", wọ́n pe èkejì ní "pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́". Ẹ̀jẹ̀, pupa ni. Epo, pupa ni. Gààrí tí a bu epo sí, pupa ni. Ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́, pupa ni. Bí òṣìṣẹ́ bá kígbe pé "ó bọ́ sí pupa", ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lè fi ọmọ tó yẹ kó dé ilé ìwòsàn lónìí sí àárín àwọn tí wọ́n ní kó padà wá. Ẹ jẹ́ ká kọ "pupa bí ẹ̀jẹ̀" àti "yẹ́lò", kí òṣìṣẹ́ sì pe nọ́ńbà náà pẹ̀lú. Bákan náà, ẹ má kọ "wọn ọwọ́ ọmọ". Ọrùn ọwọ́ ni àwọn kan yóò fi téèpù yí. "Òkè apá òsì, ní àárín ejìká àti ìgúnpá, kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí téèpù má fún un, kó má sì tú" ló yẹ.

Kwashiorkor kù. Èdè Gà ni orúkọ náà ti wá. Cicely Williams, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast (Gáńà òde òní), kọ nípa àìsàn náà ní 1933, ó sì lo orúkọ yẹn ní 1935: àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ibẹ̀ ni ẹni tó dá "alóyúnlé" ti mú un, ó sì mọ̀ ọ́n dá, nítorí àwa náà ń sọ pé obìnrin lóyún lé ọmọ. Síbẹ̀, àìsàn náà ń mú ọmọ tí kò ní àbúrò pẹ̀lú. Èyí tó sì burú jù ni pé orúkọ yẹn di ẹjọ́ ru ìyá ọmọ. Ní ilé tí ọkọ ti ń na ìyàwó, a ti fún un ní ẹ̀sùn tí dókítà fọwọ́ sí. Obìnrin náà yóò gbé ọmọ pamọ́.

Mo ní ká fi kwashiorkor sílẹ̀ bó ṣe wà, ká sì kọ àmì rẹ̀: wíwú ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń jìn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún padà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ti le, ohun yòówù kí téèpù sọ. Ẹ má lo "ara rẹ̀ kún" rárá. Ọmọ tó sanra là ń sọ ọ́ fún, omi inú ara sì ń jẹ́ kí òṣùwọ̀n pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ku ìbéèrè nípa fífún ọmọ ní "ọmú nìkan" fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: ọ̀pọ̀ ìyá kò ka omi sí oúnjẹ, wọn kò sì ka àgbo tàbí omi hàntú (omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà) sí i. Kí ìbéèrè náà dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Láti àárọ̀ àná, ṣé omi wọ̀ ọ́ lẹ́nu? Àgbo ńkọ́? Hàntú? Omi ṣúgà?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "yẹ́lò" àti "tó ń jìn" wò lẹ́nu àwọn ìyá ní agbègbè yín kí a tó tẹ ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá wà níbẹ̀ tó ṣe kedere jù wọ́n lọ, èyí tó wà lẹ́nu wọn ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wa.