Ta ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún ìwádìí rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, SS ni, ó ní sickle cell, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń jogún. Táíwò AS. Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé lọ sí láàbù. Kì í ṣe fún ìtọ́jú o, ìwádìí ni. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é ńkọ́?

Ọmọ Yemetu: Mo ṣe é ní 2019. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gún ọmọbìnrin mi torí iṣan ẹ̀ ò yọ, mo gbá a mọ́ra, àwa méjèèjì ń sunkún. Ìgò kékeré méjì. Nọ́ọ̀sì ní àwọn á pè mí. Mo ṣì ń retí ìpè náà.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun: Wọn ò pe èmi náà.

Bàbá Rere: Ẹ máa fọwọ́ síwèé lọ. Òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí.

Ará Láàbù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ yẹn, a ò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tá à ń wá. Irú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ọmọ ń lò nínú oyún, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ SS tẹ̀ bíi dòjé. Ìyẹn ni ìrora kì í fi í tètè mú ọmọ ọwọ́, àfi tó bá ń sún mọ́ oṣù mẹ́fà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń tán lọ. Janet Watson, dókítà kan ní New York, ló kíyè sí i ní 1948. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé tiwọn kì í tán bọ̀rọ̀, ara tiwọn sì máa ń le díẹ̀. Kí ló fà á? Iṣẹ́ wa nìyẹn.
Àmọ́ ohun kan ń dùn mí. Alẹ́ Sátidé kan iná lọ, kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú fíríìsà yọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ bà jẹ́ dànù. A ò sọ fún ìyá kankan.

Ọmọ Yemetu: Ẹ ò sọ fún ìyá kankan?? Tí ti ọmọ mi bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun: Igbe ọmọ yẹn dòfo nìyẹn. Olúwa ò.

Ará Láàbù: Mo sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n ní a máa bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ẹ má bínú.

Ìyá Àgbà Ọ̀yọ́: Mo sin mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè ẹ̀jẹ̀. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ èyí kejì kó má baà padà wá. Ká ní láàbù wà nígbà náà, n bá gbé wọn lọ fúnra mi.

Ọmọ Yemetu: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Tẹ̀lú: Orín àta ni màmá mi ń sè fún ẹ̀gbọ́n mi o, ó sì ti lé lógójì ọdún.

Ará Láàbù: Àwọn onímọ̀ wa yẹ gbòǹgbò ẹ̀ wò ní láàbù, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1971. Ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò. Àmọ́ inú ìgò kọ́ ni inú ara ọmọ.

Tẹ̀lú: Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìgò.

Ará Ìjẹ̀bú ní Memphis: Níbí ní Amẹ́ríkà, gìgísẹ̀ ni wọ́n ń gún kí ọmọ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ti ìwádìí, wọ́n ka gbogbo ìwé ẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní bí mo bá yí ọkàn padà kò sí wàhálà. Irú ìwádìí yìí ni wọ́n fi rí jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) tó ń paná ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn, BCL11A ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn ọmọdé Boston Children's wà lára àwọn tó ṣe é. Látibẹ̀ ni ìtọ́jú sickle cell tí wọ́n ń pè ní Casgevy ti jáde, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní December 2023.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun: Èló ni?

Ará Ìjẹ̀bú ní Memphis: Mílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé igba ẹgbẹ̀rún. Ẹnì kan ṣoṣo.

Bàbá Rere: Ẹ ti wá gbọ́ ohun tí mò ń wí báyìí? Ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn yìí pọ̀ sí jù láyé.

Ìyá Ìbejì: Ará Láàbù, kí ni kí n bi wọ́n lọ́la?

Ará Láàbù: Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ sí, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá lọ. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa pè yín.

Ọmọ Yemetu: Kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà onítọ̀hún kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.