Ọjọ́ tí ọ̀pá ìwọnṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi

Ìyá Aláǹkárá, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ní kí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ fún sọ̀rọ̀. Èmi rèé.

Aṣọ ni mo ń tà l'Ọ́jà Ọba. Ó tó oṣù mẹ́fà tí orí fi ń fọ́ mi ní kùtùkùtù. Tí mo bá ti bì, á rọlẹ̀ díẹ̀. Mo lo oògùn ibà, mo lo ti táífọ́ìdì, mo pààrọ̀ awò ojú. Lọ́jọ́ kan, mo ń wọn yáàdì mẹ́fà fún oníbàárà, ni ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, n ò mọ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n ní gìrì ló gbé mi. Àwọn kan sá, wọ́n ní wárápá ni, kí itọ́ mi má kan àwọn. Ẹnì kan ti ń wá ṣíbí tó máa kì bọ̀ mí lẹ́nu. Ọmọ ìyá aláta tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló jágbe mọ́ wọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, ó sì ká aṣọ sábẹ́ orí mi. Yáàdì mẹ́fà yẹn gan-an ni! Oníbàárà yẹn padà wá rà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò tiẹ̀ ná an.

Àwòrán ọpọlọ fi hàn pé kókó wà lápá òsì. Dókítà ní meningioma ni, pé ara awọ tó bo ọpọlọ ló ti ń hù, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ti ń tẹ ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, fún iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọkọ mi ta mọ́tò, alájọ gbé tèmi fún mi ṣáájú àsìkò, àwọn àbúrò mi méjì fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo dexamethasone, tí wọ́n fi ń fa wíwú ọpọlọ wálẹ̀, ẹ mọ ebi rẹ̀. Aago méjì òru, oorun ò sí, iyán ni mò ń bèèrè. Ìyá ọkọ mi á dìde, wọ́n á gbé odó. Bí wọ́n ṣe ń gún un ni wọ́n ń gbàdúrà: orúkọ mi kan, ọmọ odó kan. Àwọn ará ilé kejì ò ráhùn rí.

Wòlíì kan wá, ó ní kí n da oògùn gìrì nù kí ìgbàgbọ́ mi lè pé. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé tí mo bá já a lójijì, gìrì lè padà. Ìyá ọkọ mi wo wòlíì náà títí. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ bọ́ awò ojú tiyín." Pásítọ̀ tiwa ní tiwọn bá wa wọkọ̀ dé Ìbàdàn, orí bẹ́ńṣì ni wọ́n sùn.

Bọ̀dá Tíṣà, Oǹdó:
Màmá, ẹ kú ewu o. Tèmi, orí ò tiẹ̀ fọ́ mi. Èjìká ni mo ń fi gbá férémù ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé mo mutí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí wọ́n ń pè ní pituitary, ni kókó wà, ó ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran, n ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ihò imú ni wọ́n gbà yọ ọ́. Mùsùlùmí ni ìyàwó mi, Áńgílíkà ni ìyá mi. Títí dòní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí àdúrà ta ló gbà. Ṣé irun yín ti hù?

Ìyá Aláǹkárá, Àkúrẹ́:
Ó ti hù, àfi ojú àpá. Gèlè ni mo ń tẹ̀ bò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì le bíi ti tẹ́lẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi ló ń bá mi di ìdí ọ̀pá mú. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ ya àwòrán. Ìyá ọkọ mi ti ní àwọn ń bá mi lọ, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa bá wọn bọ́ adìẹ.