Júù ni ọkọ mi, kò gba Ọlọ́run gbọ́: ta ló lè tọ́ mi sọ́nà?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Michigan la ń gbé. Ọkọ mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n kì í fi àsè Ìrékọjá ṣeré: àkàrà aláìwú, ewébẹ̀ kíkorò, ìtàn bí wọ́n ṣe jáde ní Íjíbítì. Ó ní ogún àwọn baba òun ni. Ó fẹ́ ká mú ọmọ wa lọ sí ìjọ tí Rábì Sherwin Wine dá sílẹ̀ nítòsí Detroit ní 1963, níbi tí wọn kì í ti í gbàdúrà sí Ọlọ́run. Òfin àtijọ́ àwọn Júù, ìyá ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ka ọmọ sí Júù. Yorùbá onígbàgbọ́ sì lèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á gba ọmọ mi tọwọ́tẹsẹ̀? Kí ni kí n sọ bó bá bi mí pé èé ṣe tí bàbá òun kì í gbàdúrà?