Ẹ̀yin sójà Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ wà ní Ìráàkì lọ́dún 2004, ta lẹ dìbò fún sípò ààrẹ, Bush àbí Kerry?

Àkànní:
Ẹ kú ilé o. Balad lèmi wà, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Bush ni gbogbo sójà fẹ́. Irọ́ ni. Àwa mẹ́jọ la wà nínú àgọ́ kan, méjì nínú wa ò kí ara wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan torí ọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wa fẹ́lẹ́ bí agolo. Irin àlòkù la ń ṣà nílẹ̀, tá à ń jó mọ́ ọn kí bọ́ǹbù ẹ̀bá ọ̀nà má baà pa wá. Ẹni tá a jọ di irin mú ní, "Ẹni tó rán wa wá báyìí ò ní í rí ìbò mi." Ẹni tó ń jó irin ọ̀hún gan-an, Bush ló dìbò fún. Èmi ò dìbò. Gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú lásán, ni mo ní; mi ò tíì di ọmọ onílùú. Wọ́n gba ẹ̀mí mi, wọn ò gba ìka mi.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Pẹ̀lú gbogbo bọ́ǹbù mọ́tà tó ń já lù yín ní Balad?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ béèrè ṣá? Bush fọwọ́ sí i ní July 2002 pé kí sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè gbàwé ọmọ onílùú kíákíá.

Àkànní:
Mo béèrè, àbúrò. Àfi kéèyàn padà sí Amẹ́ríkà kó tó búra nígbà yẹn. October 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í búra fún sójà lókè òkun. Ọjọ́ kejì November ni ìdìbò. Ìwé mi ò tíì dé.

Dípọ̀:
Èmi lẹ́tọ̀ọ́, Kuwait ni mo wà. Ìwé ìdìbò mi dé nígbà tí Kerry ti gbà pé òun fìdí rẹmi. Ó ṣì wà nínú àpótí mi.

Ayọ̀ká:
Sájẹ́ńtì tiwa ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kerry. Bàbá ẹ̀ ja ogun Vietnam, ó sì ń bínú sí Kerry pé ó lọ tako ogun yẹn níwájú Sẹ́nétì ní 1971. Mo ní Kerry náà ṣáà jà níbẹ̀. Ó kàn dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ìwé gbà. Ní 2015, wọ́n sún ìdìbò Nàìjíríà láti 14 February sí 28 March nítorí Boko Haram. Àbúrò mi wà lójú ogun ní Borno, kò síbi tó ti fẹ́ tẹ̀ka.

Bàbá Rónkẹ́:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí sójà jìnnà sí òṣèlú. Ṣé ẹ ti gbàgbé 1966 àti 1983 ni?

Ayọ̀ká:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìbò yàtọ̀ síbọn.

Ìyá Ìbejì:
Bùọ̀dá Àkànní, ìgbà wo lẹ wá tẹ̀ka?

Àkànní:
2008. Mo tò fún wákàtí mẹ́ta. Bàtà tí mo wọ̀ ní Balad ni mo wọ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Dípọ̀, ya fọ́tò ìwé yẹn ká rí i.