Ọ̀rọ̀ Faransé wo ló ti kó yín sí wàhálà rí?

Ìyá Aláṣọ: Mo lọ ra áńkárá ní Dantokpa, ní Kùtọnu. Mo bi awakọ̀ ìgbà tá a máa padà, ó ní "douze heures", aago méjìlá. Èmi gbọ́ "deux heures", aago méjì. Mo rọra nájà, mo jẹun, mo dé gáréèjì láago kan ààbọ̀. Mọ́tò ti gbéra tipẹ́. Ibẹ̀ ni mo sùn o.

Ọmọ Kétu: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bí wọ́n ṣe ń gé sílébù ló tàn yín. X ìparí "deux" kì í dún, àmọ́ tí ìró fáwẹ́lì bá ti tẹ̀ lé e (H "heures" kì í dún), á jí, á di z, á fò mọ́ ọ̀rọ̀ kejì: deu-zheures. Ti ẹ̀kejì náà: dou-zeheures. Fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan ló yàtọ̀. "Ou" ni "u" tiwa. Fún "eu", ẹ ṣu ẹnu bíi ti "o", kẹ́ ẹ wá pe "e".

Tọ́pẹ́: Mo ṣu ẹnu títí, ọmọ mi ní ta ni mò ń súfèé sí.

Bàbá Tíṣà: "Midi" ni wọ́n ń pe aago méjìlá ọ̀sán. Ìtàn yìí ò dá mi lójú.

Ìyá Aláṣọ: Bàbá, ẹ wá bá awakọ̀ yẹn jà.

Délé: Ẹ̀wà ni tèmi. Wọ́n ní ká máa so "s" mọ́ fáwẹ́lì, les amis (àwọn ọ̀rẹ́), lé-za-mi. Mo bá ka "les haricots" ní lé-za-ri-ko. Tíṣà wa, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), di orí mú. Ó ní H yẹn ò ṣe é fò. Ó ní ẹni tó bá so "les héros" pọ̀ ti sọ àwọn akọni di òdo, "les zéros".

Tọ́pẹ́: H tí kì í dún?

Délé: Bí aṣọ́bodè ni. Kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kó o kọjá. Bẹ́ẹ̀, ti "les hommes" (àwọn ọkùnrin) ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àkọ́sórí ni.

Bàbá Tíṣà: Èdè ẹlẹ́tàn! Lẹ́tà mẹ́jọ ní "beaucoup" (púpọ̀), ìró mẹ́rin péré ló ń jáde.

Ọmọ Kétu: N inú "ìbọn" dà, Bàbá?

Bàbá Tíṣà: Ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Àránmúpè ló ń fi hàn.

Ọmọ Kétu: Bẹ́ẹ̀ náà ni ti "bon" wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pe "ra ẹja" ní "rẹja" ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ: Ẹ fi gírámà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń padà lọ. Ṣé kí n ní kí awakọ̀ fi ìka sọ aago fún mi?

Tọ́pẹ́: Ìka méjìlá, mà?