Iṣẹ́ ń gbé mi láti ìlú dé ìlú: ọnà wo ni kí n máa wò?

Àbẹ̀kẹ́ Onírìnàjò

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Oògùn ni mo ń polówó fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí n jókòó sójú kan: Abẹ́òkúta lónìí, Ìbàdàn lọ́túnla, bí ọ̀sẹ̀ bá yí, ó di Òṣogbo, Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin. Màá gbé báàgì kọ́ apá láti ọsibítù kan dé òmíràn, màá jókòó de dókítà lórí bẹ́ǹṣì títí, tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, màá wọ hòtẹ́ẹ̀lì, màá tan tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Ó ń dùn mí gan-an ni. Àwọn ìlú tí àwọn kan ń ti òkè òkun wá wò, èmi tí mo ń sùn nínú wọn kò mọ̀ ju géètì ọsibítù wọn lọ.

Mo fẹ́ràn àwòrán yíyà láti kékeré, ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù kì í sì í kúrò nínú báàgì mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí: tí ènìyàn bá ní bíi wákàtí kan péré kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ni kó máa wò? Tí mo bá sì bá oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́, báwo ni màá ṣe sún mọ́ ọn tí kò ní dà bí àrífín? Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ni mo ń béèrè. Ọnà tó wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni ọkàn mi ń fẹ́.

Aláró Kẹ́mta

Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àrífín yẹn, torí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lókèèrè. Àwọn baba wa ní bí wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá bá aláró nídìí ìkòkò, ẹ wí pé "Àrẹ̀dú o!" Tí ó bá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àlejò, fúnra rẹ̀ ni yóò fa àpótí fún yín láti jókòó.

Ní Abẹ́òkúta, ọjà Itókú ni kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojú yín parí síbi aṣọ aláràbarà tí wọ́n so síwájú ṣọ́ọ̀bù. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ kàǹpálà tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe. Ó dára, òun la sì ń tà jẹun, àmọ́ ẹ béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Lááfún ni wọ́n ń rò bí ẹ̀kọ, wọn á bu álọ́ọ̀mù sí i, wọn á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, láìwo ìwé kankan. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Tí wọ́n bá ha á kúrò lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ, ọnà á yọ. Ẹni tó fẹ́ràn àwòrán bíi tiyín kò ní fẹ́ dìde nídìí ọwọ́ yẹn.

Àdìrẹ kan wà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹ wò ó dáadáa: òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn obìnrin aláró sì gbé e sára ìró. Tí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ gun òkè Mápó ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òpó wé òpó. Ìlú méjì tí iṣẹ́ ń gbé yín lọ, aṣọ kan ti so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó bí yín.

Ọmọ Òròkí

Ní Òṣogbo, gbogbo ènìyàn á ní kí ẹ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn tó ṣe àwọn ère ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló mọ àwọn ère sìmẹ́ńtì yẹn. Adébísí Àkànjí tó wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀. Asírù Ọlátúndé tó ń lu irin pẹlẹbẹ di àwòrán, ìdílé alágbẹ̀dẹ ló ti jáde. Jimoh Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀, ẹni tó dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti ayàwòrán, sílẹ̀ níbí ní 1962.

Ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ ni ọnà ti bá gbogbo wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí bíríkìlà tó ń da bulọ́ọ̀kù oníhò fún ògiri ilé lọ́nà ọsibítù, ẹ dúró wò ó. Ìyẹn gan-an ni ohun tí ẹ ń béèrè.

Bàbá Dírẹ́bà

Ẹ kú àjò, àǹtí. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni èmi ti ń rí tèmi. Ẹ wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ẹ bá wọ àárín ìlú: òdòdó sìmẹ́ńtì lókè fèrèsé, òpó rìbìtì, kìnnìún lórí ògiri. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ló gbé ọwọ́ ìkọ́lé yẹn dé Èkó, kó tó tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Òṣogbo. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró digbí. Ilojo Bar ní tirẹ̀, ilé tí ìjọba ti kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni láti 1956, wọ́n wó o ní 2016. Títí dòní, tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Ẹ ya àwọn tó kù sínú ìwé yín, àǹtí. Ẹ má dúró de ọjọ́ mìíràn.

Kí ẹ sì máa ka ẹ̀yìn tírélà. "Ìyá ni wúrà", "Ayé lọjà". Búrọ́ọ̀ṣì ni pẹ́ńtà fi ń kọ ọ́, ó ń fi òjìji sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwé àlẹ̀mọ́ ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn báyìí.

Ti Ìlọrin: ẹ béèrè àdúgbò Dàda ní Òkèléle, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, kò sí ẹ̀rọ tó ń yí i, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń sun ún.

Ìyá Onídìrí Mọ́kọ́lá

Wọ́n gbàgbé orí! Lábẹ́ agboòrùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù yẹn gan-an, ẹnì kan ń dirun. Ẹ kí i pé "Ojú gbooro o", yóò dá yín lóhùn. Ẹ wo bí ṣùkú ṣe ń kóra jọ sí àtàrí, ẹ wo bí pàtẹ́wọ́ ṣe ń ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé láàárín. Ìlà tí a fi ìlàrí là kì í wọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lo rúlà.

J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn orí ló ń yà jù. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn orí kì í fi ojú ẹnikẹ́ni hàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣá o: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi pẹ́ńsù àti fóònù sínú báàgì. Ẹ wò, kí ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ọnà

Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ti pẹ́ńsù yẹn. Fóònù, mo gbà, kó wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń yà ni ojú rẹ̀ ń là. Ẹni tó bá ya okùn irun kan yóò rí ohun tí ẹni tó kàn ń wò kò ní rí.

Sí ẹni tó béèrè: bẹ́ǹṣì tí ẹ fi ń ráhùn yẹn, èmi ìbá fẹ́ kí ó jẹ́ tèmi. Níbo lẹ tún ti fẹ́ rí ọ̀nà mẹ́wàá tí wọ́n gbà ń we gèlè lójú kan ṣoṣo? Ìyá tó ń fi ọ̀já pọn ọmọ, bí aṣọ ṣe ń ṣẹ́ lábẹ́ ìdí ọmọ, bí etí ọ̀já ṣe ń wọ inú ara wọn. Ọwọ́ arúgbó lórí ọ̀pá. Ẹ ya ìṣẹ́po aṣọ nìkan, ní ìlà díẹ̀díẹ̀, kí dókítà tó pè yín. Ojú aláìsàn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Wọn kò wá síbẹ̀ fún àwòrán.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ má fo Ìṣẹ́yìn o. Ìró òfì, ohun tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, ni yóò júwe ọ̀nà fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi oríṣi aṣọ òkè mẹ́ta, ẹtù, sányán àti àlàárì, hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oòrùn.

Àbẹ̀kẹ́ Onírìnàjò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ya gèlè mẹ́ta láàárọ̀ yìí níbi tí mo ti ń dúró, ìyá kan sì yọjú wò ó, ó ní kí n tún etí tòun ṣe kó ga sí i. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń rán mi lọ́la. Ta ló mọ ibi tí mo lè yà sí?

Ọmọ Aláàfin

Ẹ béèrè àwọn tó ń fín igbá ní agbègbè ọjà Akẹ̀sán. Igbá gbígbẹ ni wọ́n ń gbé lé itan, ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń ṣiṣẹ́, ìlà á sì máa yí igbá po títí yóò fi padà pàdé ara rẹ̀ láìṣẹ́kù. Ẹ wo alángbá àti ẹyẹ tí wọ́n ń fi sí i. Bí ẹ bá fẹ́, wọ́n lè fín orúkọ ọmọ yín sí ìsàlẹ̀.

Ẹ débẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin. Ọwọ́ wọn ṣì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, oòrùn á sì ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbá, tí ìlà fífín á hàn dáadáa fún ẹni tó fẹ́ yà á. Èyí tó kéré ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀. Tí ẹ bá fi sí búùtù, fífọ́ ni yóò fọ́.